Ẹ̀tọ́ Tó Ń Bọ́ Sómi: Ṣé Kí Puẹ́rtò Ríkò Di Ìpínlẹ̀?

Ìbò tó wà lára ilẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá na ọwọ́ ọ̀tún sókè ní Houston, tó búra, tí wọ́n fi ìwé lé e lọ́wọ́, ó ti lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò yan Ààrẹ. Kò sẹ́ni tí yóò bi í níbi tí wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá gbé ẹni yìí kan náà lọ sí San Juan, tó fi ibẹ̀ ṣe ilé, ìbò Ààrẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ kò yí padà, dọ́là ló ṣì ń ná. Ilẹ̀ tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ló yàtọ̀.

Ẹ wá wo obìnrin tí wọ́n bí sí ìlú Ponce, tó jẹ́ pé àti bàbá àti bàbá bàbá rẹ̀ ni ọmọ Amẹ́ríkà. Kò lè yan Ààrẹ níwọ̀n ìgbà tó bá ń gbé nílé. Bí ó bá wọ bàálù lọ sí Orlando, tó gba ilé síbẹ̀, ẹ̀tọ́ náà dé. Ara ilẹ̀ ni ẹ̀tọ́ yìí wà, kò sí lára ènìyàn. Ẹni tí kò bá mọ èyí, àríyànjiyàn Puẹ́rtò Ríkò kò lè yé e.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di báyìí

Ní oṣù Keje 1898 ni ọmọ ogun Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí Guánica. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, Sípéènì ti yọwọ́ nínú Kúbà, ó sì ti fa Puẹ́rtò Ríkò lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Paris. Wọn kò pe ọmọ erékùṣù náà kankan síbi tí wọ́n ti ń jíròrò.

Láti 1901 ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ti ń dá ọ̀wọ́ ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Insular Cases. Ohun tí àwọn adájọ́ sọ ni pé Amẹ́ríkà ló ni ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò tíì di ara Amẹ́ríkà, nítorí náà kì í ṣe gbogbo òfin àgbà ló dé ibẹ̀. Wọn kò fi bò pé ẹ̀yà àjèjì ni àwọn ka àwọn ará ibẹ̀ sí. Ní 1917 Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì sọ wọ́n di ọmọ Amẹ́ríkà. Ní 1948 wọ́n kọ́kọ́ yan gómìnà fúnra wọn, ní 1952 wọ́n ní ìwé òfin tiwọn. Agbára tó ga jù ṣì wà ní Washington.

Kí ẹ má rò pé ìtàn àtijọ́ lásán ni mo ń sọ. Ní 2013, ọkùnrin kan tó ń gbé ní New York, tí àìsàn kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́, tó ń gba owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún aláìlera tí kò ní lọ́wọ́, kó lọ sí Puẹ́rtò Ríkò. Owó náà ṣì ń wọlé fún un. Nígbà tí ìjọba mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà, wọ́n dá a dúró, wọ́n tún pè é lẹ́jọ́ pé kó dá ohun tó lé ní $28,000 padà. Àìsàn rẹ̀ kò lọ, òkun nìkan ló kọjá. Ní 2022, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án sọ pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò ṣẹ̀ sí òfin bí ó bá yọ àwọn ará Puẹ́rtò Ríkò kúrò nínú owó yẹn. Neil Gorsuch wà lára àwọn mẹ́jọ náà, síbẹ̀ ó kọ ọ́ pé Insular Cases kò ní ìpìlẹ̀ nínú òfin àgbà, àsìkò sì ti tó láti pa wọ́n tì.

Ìbò méje

Ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n ti bi àwọn ará erékùṣù náà léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ní 1967, ìdá 60 nínú 100 ní kí nǹkan máa lọ bó ṣe wà. Ní 1993 wọ́n tún ní bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti àwọn tó fẹ́ ìpínlẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Ti 1998 ló dùn mí jù: èyí tó borí lórí ìwé ìbò ni “kò sí ọ̀kan nínú wọn”. Ẹ fojú inú wo ẹni tó tò sórí ìlà nínú oòrùn, tó dé ibi àpótí, tó wá tẹ̀ka síbi tí kò sí ìdáhùn.

Ní 2012, ìbéèrè méjì ni wọ́n béèrè, ọ̀pọ̀ sì fi ìkejì sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan síbẹ̀. Ní 2017, ìdá 97 ní àwọn fẹ́ ìpínlẹ̀. Ẹnu a fẹ́ ya ènìyàn, àfi ìgbà tó bá gbọ́ pé àwọn tó jáde dìbò kò ju ìdá 23 lọ, nítorí àwọn ẹgbẹ́ alátakò ní kí ọmọ ẹgbẹ́ wọn jókòó sílé. Ní 2020, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí ìpínlẹ̀ ni wọ́n béèrè. Ìdá 52 sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2024, ìpínlẹ̀ gba ohun tó lé ní ìdá 58. Lọ́jọ́ kan náà yẹn, olùdíje ẹgbẹ́ tó ń wá òmìnira gbé ipò kejì nínú ìdìbò gómìnà, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ mọ́ láti 1952.

Kò sí ọ̀kan nínú méjèèje tó de Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Bí ẹni tó ń béèrè kò bá ní í ṣe ohun tí a bá dáhùn, ó ń fi àkókò wa ṣòfò ni.

Èrè rẹ̀ àti ohun tí yóò ná wọn

Ìjì líle Maria jà ní 20 oṣù Kẹsàn-án 2017. Ọ̀pọ̀ oṣù ni àwọn abúlé orí òkè fi wà nínú òkùnkùn, tí ẹ̀rọ tí àwọn aláìsàn fi ń mí kò rí iná lò. Ìjọba ní ènìyàn 64 ló kú. Ní oṣù Kẹfà 2018, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó bàtà wá síwájú ilé aṣòfin ní San Juan: bàtà arúgbó, sálúbàtà, bàtà ọmọdé. Àwọn mìíràn fi ìwé pélébé sínú tiwọn, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i. Bàtà náà pọ̀ títí ó fi gba gbogbo iwájú ilé náà. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ìjọba gbà pé ènìyàn 2,975 ni.

Ìjì máa ń pa àwọn ìpínlẹ̀ lára pẹ̀lú, Katrina ṣe Louisiana léṣe ní 2005. Ṣùgbọ́n Louisiana ní sẹ́nétọ̀ méjì tó lè di ọwọ́ òfin ìnáwó mú títí wọn yóò fi gbọ́ tirẹ̀. Puẹ́rtò Ríkò, tí èrò rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta, tó ju ti ìpínlẹ̀ tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ní aṣojú kan ṣoṣo tó lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè dìbò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ àbá di òfin. Nígbà tí gbèsè wọn kọjá bílíọ̀nù 70 dọ́là, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje lé gómìnà lórí ní 2016. La Junta ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, wọn kì í sì í fẹ̀rín pè é.

Àwọn tí kò fẹ́ kó di ìpínlẹ̀ ní ẹjọ́ tiwọn. Lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará erékùṣù náà kì í san owó-orí ìjọba àpapọ̀ lórí owó tí wọ́n bá pa níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń san ti ìfẹ̀yìntì. Ìpínlẹ̀ yóò fòpin sí àǹfààní yẹn. Àwọn kan ń retí pé yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ òfin 1920 tó ní ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà nìkan ló gbọ́dọ̀ gbé ẹrù láti èbúté Amẹ́ríkà kan sí òmíràn, èyí tó ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Kò ní í gbà wọ́n. Hawaii jẹ́ ìpínlẹ̀, òfin náà sì mú un.

Èdè àti ìwà ló wúwo jù lọ́kàn mi. Èdè Sípéènì ni wọ́n ń sọ nílé, nílé-ẹ̀kọ́ àti ní kóòtù wọn. Ní 1948, òfin kan lè sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n nítorí àsíá erékùṣù náà. Lónìí, ara ògiri ilé ni wọ́n ń kun àsíá yẹn sí. Wọ́n ní ikọ̀ tiwọn ní Òlíḿpíìkì, Monica Puig sì gba wúrà fún wọn ní 2016. Ilé òrìṣà wà níbẹ̀ náà, tí àwọn tó ti Kúbà wá ń fi èdè àwọn baba wa ki Ṣàngó àti Yemọja. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé irú nǹkan báwọ̀nyí lè parẹ́, kì í ṣe òmùgọ̀.

Ọ̀nà tí ilẹ̀ ń gbà di ìpínlẹ̀

Ìpínlẹ̀ tí à ń sọ yìí kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀, tí wọ́n gé Ẹkìtì kúrò lára Oǹdó ní 1996. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri ló ń wọlé wá. Kò gba àtúnṣe òfin àgbà: ìbò tó pọ̀ jù ní ilé aṣòfin méjèèjì àti ìfọwọ́sí Ààrẹ tó. Alaska àti Hawaii ló gbà á kẹ́yìn, ní 1959. Ọ̀pọ̀ Rípọ́blíkà ń bẹ̀rù pé sẹ́nétọ̀ Puẹ́rtò Ríkò yóò jẹ́ Dẹmọkírátì, àmọ́ Rípọ́blíkà ni Jenniffer González-Colón tó di gómìnà ní 2025.

Ní 15 oṣù Kejìlá 2022, ilé aṣojú-ṣòfin fi ìbò 233 sí 191 gba àbá kan wọlé. Ohun mẹ́ta ló gbé síwájú àwọn ará Puẹ́rtò Ríkò: ìpínlẹ̀, òmìnira, tàbí òmìnira tó ní àdéhùn pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Ipò tí wọ́n wà báyìí kò sí lórí ìwé ìbò náà rárá, èyíkéyìí tó bá sì borí, Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ṣe é. Èmi kò mọ ọ̀nà mìíràn tó tọ́ ju ìyẹn lọ. Sẹ́nétì kò dìbò lé e lórí, nígbà tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tuntun jókòó ní 2023, àbá náà kú.

Ẹ̀yin ará wa tó ń dìbò ní Texas, ní Georgia, ní Maryland, sẹ́nétọ̀ tiyín wà lára àwọn tí yóò pinnu ọ̀rọ̀ yìí, obìnrin Ponce yẹn kò ní sẹ́nétọ̀ kankan. Nígbà tí wọ́n bá tún wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ bi wọ́n: bí àbá yẹn bá padà wá, ṣé wọn yóò jẹ́ kí Sẹ́nétì dìbò lé e lórí?