Àwọn Ẹranko Òkúta Tí Ń Tu Òjò

Bí òjò bá ń rọ̀ ní ìlú Paris, ẹni tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Notre-Dame, tó sì gbójú sókè, yóò rí ohun ìyanu. Àwọn ẹranko tí a fi òkúta gbẹ́ na ọrùn jáde láti ara ògiri. Òmíràn jọ ajá, òmíràn sì jọ ẹ̀dá abìyẹ́ tí kò sí nínú igbó kankan. Ẹnu wọn là sílẹ̀, omi òjò sì ń tú jáde níbẹ̀.

Kí ni irú àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ń wá lára ilé Ọlọ́run? Ọ̀pọ̀ àlejò rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi wọ́n dẹ́rù ba ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ẹni tó bá ti fi amọ̀ mọ ilé rí mọ̀ pé omi ni ọ̀tá ògiri. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta ju ògiri lọ. Bákan náà ni ti Notre-Dame. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi kọ́ ọ, omi òjò sì lè jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, àwọn agbẹ́kùúta la ojú ọ̀nà omi sí ẹ̀yìn àwọn ẹranko náà. Omi òrùlé ń gba ibẹ̀ kọjá, ó sì ń ti ẹnu wọn bọ́ sílẹ̀, jìnnà sí ògiri. Gargouille ni àwọn Faransé ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà tan mọ́ ọ̀fun.

Ọdún 1163 ni iṣẹ́ ilé náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Maurice de Sully jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Paris. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò rí ìparí rẹ̀.

Àwọn ẹranko mìíràn wà lókè, níbi ilé ìṣọ́ méjèèjì, tí kì í da omi rárá. Chimère ni orúkọ wọn. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ní ìwo àti ìyẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó yọ ahọ́n síta, ó ń wo ìlú bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé sú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọ́n dàgbà tó ilé náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Viollet-le-Duc ló ní kí a gbẹ́ wọn, nígbà tó ń tún ilé náà ṣe láti 1844 títí di 1864.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2019, iná sọ. Òrùlé onígi jóná, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì wó lulẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ilé ìṣọ́ méjèèjì kò wó. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tún fi àáké gbẹ́ igi bí ti àtijọ́, àwọn agbẹ́kùúta sì gbẹ́ òkúta. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ilẹ̀kùn tún ṣí. Kò sí owó ìwọlé.

Omi tí àwọn ẹranko náà ń tu ń jẹ àwọn fúnra wọn pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú ti àtijọ́ ti jẹ tán, a sì ti gbẹ́ tuntun rọ́pò wọn. Òkúta kò lè dá dúró láìsí ọwọ́ ènìyàn. Àwọn ìran kan kọ́ ilé náà, àwọn ìran mìíràn ni kò jẹ́ kó wó.