Ìyá Olóúnjẹ Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ ká yà sí ìdáná ìyá olóúnjẹ. Iyọ̀, ata àti epo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti tó wọn láìdìde. Iṣu wà lóko. Kó tó lọ kó tó bọ̀, oníbàárà ti bínú lọ. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò pin sí sísè nìkan? Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó yẹ kó sún mọ́ iná àti ohun tó lè jìnnà sí i.

Irú ìyá bẹ́ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà, kernel ni wọ́n ń pè é. Áàpù kankan kò lè fúnra rẹ̀ bu mẹ́mórì, àfi kí kernel bù ú fún un. Ti Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland lọ́dún 1991, ni mo fẹ́ ká wò.

Ó pẹ́ tí iṣẹ́ ìyá yìí fi rọrùn. RAM ni ẹ̀gbẹ́ ààrò, dísíìkì ni oko. Bí RAM bá kún, kernel á kó ohun tí wọn ò ti fọwọ́ kàn tipẹ́ lọ sóko. Bí áàpù bá tún bèèrè rẹ̀, kó lọ jókòó kó máa retí.

Àmọ́ RAM wọ́n, ẹrù sì ń pọ̀ sí i, ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá tuntun mọ́ ilé. Lọ́dún 2015, Intel àti Micron kéde mẹ́mórì kan, 3D XPoint. Nígbà tó di 2019, Intel ń tà á lórúkọ Optane, ó sì ń wọ ihò tí RAM ń wọ̀. Ẹyọ kan rẹ̀ lè gba tó 512 gígábáìtì. Ọbẹ̀ inú ìkòkò ni RAM: bí iná bá lọ, ó tán. Èlùbọ́ ni Optane: iná lọ o, iná dé o, ó wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ki ọwọ́ bọ èlùbọ́ jẹ bí ẹni tó bu ọbẹ̀? Kíkà á ń pẹ́ tó bí ìlọ́po mẹ́ta ti RAM.

HBM tún wà, èyí tí wọ́n tò pelemọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ gan-an: àyè rẹ̀ kéré, owó rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn lè máa kó ẹrù jáde pọ̀. CXL, ọ̀nà ìsopọ̀ mẹ́mórì, náà dé ní 2019. Òun dà bíi yàrá òdìkejì àgbàlá: RAM gidi lè wà níbẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ ló gùn.

Kernel kò wó ilé kó tó rí àyè fún àwọn àlejò yìí. Tipẹ́tipẹ́ ló ti mọ sẹ́fà tó ní ọpọlọ méjì, tí oníkálukú wọn ní mẹ́mórì tirẹ̀ nítòsí. Ó kàn ka yàrá CXL sí ìdáná tó ní ẹrù ṣùgbọ́n tí kò ní alásè, ìyẹn ọpọlọ. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ mi púpọ̀.

Ibi tó ti le ni kó mọ ẹrù tí wọ́n ń lò gan-an. Kò lè dúró ti gbogbo agolo. Ìyá tó fẹ́ mọ agolo táwọn ọmọ ń ṣí a fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so ìdérí, a wá padà wo èyí tó já. Kernel náà ń gé mẹ́mórì wẹ́wẹ́, ègé kan sábà máa ń jẹ́ báìtì 4,096. Yóò rọra ti àwọn ègé kan pa láìsọ fún áàpù. Bí áàpù bá kanlẹ̀kùn, á ṣí i kíá, á sì wo bó ti pẹ́ tó láti ìgbà tó ti tì í. Èyí tí wọ́n tètè wá kàn yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò nìyẹn.

Ẹ̀dà Linux 5.15, ní 2021, ló jẹ́ kí ẹrù tí wọn kò lò lè sún sí yàrá ẹ̀yìn, ìyẹn mẹ́mórì tó lọ́ra, dípò kó gba oko lọ tààrà. Ọdún kejì, 5.18 fi bí wọ́n ṣe ń dá a padà síwájú kún un. Àmọ́ gbígbé náà ní ìnáwó tirẹ̀: ilé tí wọ́n bá ti ń gbé agbọ̀n lọ gbé agbọ̀n bọ̀, ta ni yóò ráyè ro ọbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí 6.1 fi fi gbèdéke sí iye mẹ́gábáìtì tó lè wọlé síwájú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àwọn kan ní kí áàpù máa fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n kó ẹrù òun sí, ọ̀nà sì wà fún un. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán an. Oníbàárà wo ni yóò sọ pé kí wọ́n gbé oúnjẹ òun lọ sẹ́yìn àgbàlá?

Ní oṣù keje 2022, Intel kéde pé òun ń kásẹ̀ òwò Optane nílẹ̀. Ilẹ̀kùn tí kernel gbẹ́ fún un kò di ti aláǹtakùn. Kóòdù tó wọ Linux 5.1 ní 2019, tó jẹ́ kí irú mẹ́mórì bẹ́ẹ̀ lè dara pọ̀ mọ́ RAM, òun náà ni mẹ́mórì CXL ń gbà wọlé báyìí.