Ewé Kan Lójúmọ́: Bí Àwọn Júù Ṣe Ń Ka Támọ́dì, Àti Ohun Tó Kan Ará Ìdímù Níbẹ̀

Ká ní ayálégbé kan ní Ìdímù ṣí ṣọ́ọ̀bù sínú ọgbà tí ìdílé mẹ́wàá jọ ń gbé. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde, títí ilẹ̀ fi ṣú. Ará ilé kan wá fárígá: òun ò róorun sùn mọ́. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún? Irú ẹjọ́ báyìí kò ṣàjèjì sí àwọn lándílọ́ọ̀dù Alimosho, ìjọba ìbílẹ̀ tí ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 sí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá.

Àwọn rábì Júù ti dá ẹjọ́ yìí ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn. Ìdáhùn wọn wà nínú Támọ́dì, àkójọ òfin àti àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé Júù, ní ewé 20 ìwé tí wọ́n ń pè ní Bava Batra. Ará ilé lè kọ ṣọ́ọ̀bù inú ọgbà nítorí ariwo àwọn tó ń wọlé tó ń jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ nínú ilé rẹ̀, tó sì ń kó o lọ tà lọ́jà, kò sẹ́ni tó lè fi ariwo òòlù tàbí ti ọlọ mú un. Kò sì sẹ́ni tó lè ráhùn nítorí ariwo ọmọdé. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó wá lẹ́yìn wọn wá béèrè pé, kí ló dé? Ṣebí ariwo ni gbogbo rẹ̀? Wọ́n tú u palẹ̀ títí wọ́n fi gbà pé àwọn ọmọ tó ń kàwé ni òfin náà ń sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ewé 21 fi gbà á. Ó sọ̀tàn àlùfáà àgbà kan, Joshua ben Gamla, tó pàṣẹ pé kí wọ́n yan olùkọ́ sí gbogbo ìlú, kí wọ́n sì máa mú ọmọ wá láti ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje. Ọmọ 25 ni olùkọ́ kan gbọ́dọ̀ kọ́. Bí wọ́n bá pé 40, kí wọ́n fún un ní igbákejì. Bí wọ́n bá di 50, kí wọ́n gba olùkọ́ méjì. Òbí tó bá ti yọjú wo kíláàsì ọmọ rẹ̀ ní iléèwé ìjọba yóò mọ ìdí tó fi yẹ kéèyàn dúró lórí iye yẹn, kó rò ó dáadáa.

Nínú oṣù Keje ọdún 2024, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Júù ní New York, ní Jerúsálẹ́mù, ní London, ka ewé méjèèjì yìí tẹ̀ léra wọn. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n jọ. Ewé tó kàn ni.

Daf Yomi ni wọ́n ń pe ètò náà. Rábì ọmọ ọdún 36 kan láti ilẹ̀ Poland, Meir Shapiro, ló dá a lábàá níbi àpérò àgbáyé ẹgbẹ́ Agudath Israel ní Vienna lọ́dún 1923. Ó ní kí gbogbo Júù máa ka ewé kan náà lọ́jọ́ kan náà, iwájú àti ẹ̀yìn. Bí Júù kan bá wọkọ̀ ojú omi láti Yúróòpù lọ sí Amẹ́ríkà, tó sì ń ka tirẹ̀ lórí omi, ọjọ́ tó bá gúnlẹ̀ ni yóò bá àwọn tí kò mọ̀ rí níbi tí òun náà kà á dé. Ìdí kejì kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó jinlẹ̀: àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń tún ìwé díẹ̀ tó wù wọ́n nínú Támọ́dì kà ṣáá, wọ́n sì ń pa ìyókù tì. Ewé kan lójúmọ́ kì í jẹ́ kéèyàn fo ibi tó le.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, 1923 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ewé 2,711 ló wà nínú ètò náà lónìí, èyí tó ń gba ọdún méje àti oṣù márùn-ún. Nígbà tí ìpele kẹtàlá ń parí lọ, nǹkan bí 90,000 èèyàn kóra jọ sí pápá ìṣeré MetLife ní New Jersey lọ́jọ́ 1 oṣù Kìíní, 2020. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn obìnrin ṣe ayẹyẹ tiwọn ní Jerúsálẹ́mù. Ìyẹn wú èèyàn lórí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kì í fi Támọ́dì kọ́ obìnrin rárá.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ kò rọrùn. Míṣínà, àkójọ òfin tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 200, ni ìpìlẹ̀. Àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé Bábílónì, ìyẹn ilẹ̀ Iraq òde òní, ló wá yí i ká títí di nǹkan bí ọdún 500. Láti ìgbà tí Daniel Bomberg ti tẹ̀ ẹ́ ní Venice láàárín 1520 sí 1523, bákan náà ni ojú ewé rẹ̀ ṣe rí: ọ̀rọ̀ àtijọ́ láàárín, àlàyé Rashi ti ilẹ̀ Faransé lápá kan, àtakò àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ wọn lápá kejì. Ọmọ ọmọ ń já bàbá àgbà nírọ́, wọ́n sì tẹ méjèèjì pọ̀ sójú ewé kan.

Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nìkan ló ń kà á. Ọjọ́ pẹ́ táwọn òṣìṣẹ́ kan ti ń fi kóòṣì reluwé àárọ̀ láti Far Rockaway lọ sí Manhattan ṣe kíláàsì. Ará Ìdímù tó ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ má bàa ká a mọ́ ọ̀nà Ìkejà tàbí Oshodi, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nínú ọkọ̀ ni ẹlòmíì ti ń ka Open Heavens ti Pásítọ̀ Adeboye tàbí Daily Manna ti ìjọ Deeper Life. Ẹnì kejì rẹ̀ ṣí Àlùkùránì sórí fóònù.

Kíka díẹ̀díẹ̀ kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ilé kéwú á fi tàdáwà kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sára wàláà, á kà á létí àfáà, àfáà á tún un ṣe níbi tó bá ti ṣìnà. Ó dìgbà tó bá mọ̀ ọ́n kó tó fọ wàláà kọ òmíràn. Markaz tí Ṣéù Adam Abdullah al-Ilori gbé wá sí Agége ní 1955, tí kò jìnnà sí Alimosho, ti tọ́ ọ̀pọ̀ àfáà dàgbà. Ọmọ awo náà kì í gbé odù 256 mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹsẹ kan ni yóò gbà lẹ́nu ọ̀gá, tí yóò máa sọ ọ́ títí yóò fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ohun tó ṣọ̀wọ́n láàárín wa, pàápàá nínú ìwé ìfọkànsìn ojoojúmọ́, ni àríyànjiyàn. Àlàyé kan ṣoṣo la máa ń bá níbẹ̀, a ó sì ṣe àmín. Ewé àkọ́kọ́ gan-an nínú Támọ́dì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó béèrè pé: títí dìgbà wo lèèyàn lè ka Ṣémà, ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ti alẹ́? Rábì Eliezer ní títí ìṣọ́ òru kìíní yóò fi parí. Àwọn ọlọ́gbọ́n ní títí di àárín òru. Rábì Gamliel ní títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ rẹ̀ ti òde àríyá dé lọ́gànjọ́, wọ́n ní àwọn ò tíì kà á. Bàbá wọn ní bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́, dandan ni kí wọ́n kà á. Ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò kò, kò sì sẹ́ni tí wọ́n pa èrò rẹ̀ rẹ́.

Ibòmíì sọ pé ilé ẹ̀kọ́ Hillel àti ti Shammai fa ọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ohùn láti ọ̀run ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni tàwọn méjèèjì, àmọ́ kí wọ́n tẹ̀ lé ti Hillel. Kí ló fà á? Oníwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì máa ń sọ èrò Shammai kí wọ́n tó sọ tiwọn. Ká ní àwọn tó ń bára wọn jiyàn lórí ẹ̀sìn àti òṣèlú ní Alimosho lè kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ alátakò wọn bó ṣe yé e gan-an, ìjà á dín kù púpọ̀.

Àwọn Júù míì ń ráhùn pé ewé kan lójúmọ́ ti yá jù, pé a kì í sáré ka ohun tó jinlẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò wọ òṣìṣẹ́ létí, nítorí ẹni tí kò bá rí ewé kan kà lónìí lè má rí ìdajì kà lọ́la. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń wá ẹnì kejì tí wọ́n á jọ máa kà á, tí wọ́n á jọ máa fa ọ̀rọ̀. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, 2027 ni ìpele kẹrìnlá tí wọ́n ń kà lọ́wọ́ yóò parí, wọn yóò sì ṣí ewé nípa Ṣémà alẹ́ padà lọ́jọ́ kejì rẹ̀.