Ilẹ̀ Tí Àpáta Yíyọ́ Ti Ṣàn Rí

Kò sí òkè ayọnáyèéfín ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìdílé tó bá gbéra ní Bódìjà tàbí Challenge n'Ìbàdàn, tó fẹ́ fi mọ́tò dé ibi tí àpáta yíyọ́ ti ṣàn rí, Ìpínlẹ̀ Plateau ni yóò kọrí sí: Mangu, Panyam àti Kerang, lójú ọ̀nà tó ti Jos lọ sí Shendam.

Ìrìn náà jìn. Ẹni tó gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin yóò sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà. Ẹni tó gba Àkúrẹ́ yóò sọdá rẹ̀ nítòsí Lọ́kọ́jà. Ó dára kí wọ́n sùn ní Abúja, nítorí èèyàn kì í kó ọmọ rìn lóru lójú ọ̀nà wọ̀nyí. Rògbòdìyàn sì máa ń bẹ́ sílẹ̀ ní Mangu àti agbègbè rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí lọ́wọ́ ará ibẹ̀ bí ìlú ṣe rí. Lẹ́yìn Akwanga ni wọn yóò gun Hawan Kibo, kọ́nà lórí kọ́nà, níbi tí mọ́tò tí omi radiétọ̀ rẹ̀ kò pé ti máa ń gbóná. Jos ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní mítà 1,200. Nítorí òtútù, súẹ́tà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn.

Àpáta Riyom lójú ọ̀nà náà, tí àlejò máa ń yà ní fọ́tò, kì í ṣe ohun tí wọ́n wá wò. Gíránáìtì ni, bíi ti Ìdànrè àti Olúmọ. Irú àpáta bẹ́ẹ̀ yọ́ rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti tutù díẹ̀díẹ̀, tí hóró inú rẹ̀ fi ráyè dàgbà, tí ojú fi ń rí wọn ketekete. Ti Kerang tú jáde sójú ilẹ̀ ni. Irú rẹ̀ máa ń gbóná tó dígírì 1,000 sí 1,200 nígbà tó bá ń ṣàn, afẹ́fẹ́ sì ń tètè mú un dì. Básáàtì ni orúkọ rẹ̀. Kí ọmọdé mú ẹyọ kan lọ́wọ́: ó dúdú, ó wúwo, ojú lásán kò rí hóró rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò wẹ́wẹ́ lè wà lára rẹ̀, níbi tí gáàsì ti há sí nígbà tí àpáta ń dì.

Iná àwọn òkè ayọnáyèéfín agbègbè Kerang ti kú tipẹ́tipẹ́. Orí àwọn kan jìn kòtò bí abọ́. Ohun tó wuni jù níbẹ̀ ni ilẹ̀ náà, torí àpáta tó jẹrà ti di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Àwọn àgbẹ̀ fi oró ṣọgbà yí oko ká, wọ́n ń gbin pòtétò òyìnbó tí òtútù ibẹ̀ bá lára mu. Plateau ni èyí tó pọ̀ jù nínú pòtétò òyìnbó Nàìjíríà ti ń wá, títí kan èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà Bódìjà. Òjò ń gba inú ihò àti ojú sísán àpáta wọlẹ̀, ó sì ń sun jáde ní Kerang, níbi tí wọ́n ti ń rọ omi Swan sínú ike.

Iná Òkè Cameroon, ní orílẹ̀-èdè Cameroon tó múlé ti Nàìjíríà, kò tíì kú ní tirẹ̀. Lọ́dún 1922, àpáta yíyọ́ rẹ̀ ṣàn dé òkun. Lọ́dún 1999, ó wó igbó lulẹ̀ nítòsí Bakingili, ó gé ọ̀nà Limbe sí Idenau, ó sì dúró ní nǹkan bí igba mítà sí òkun. Òkè náà tún bú ní 2000 àti 2012. Ìjà abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà láti 2017 ni kò jẹ́ kí ó tíì ṣeé kó ọmọ lọ.