Wáyà Kílọ́ọ̀ṣì Ọkọ̀ Ìjàpá

Wáyà irin kan ṣoṣo ló so ẹsẹ̀ awakọ̀ pọ̀ mọ́ kílọ́ọ̀ṣì nínú Volkswagen Beetle, ọkọ̀ tí a mọ̀ sí Ìjàpá nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, nítorí náà ìrìn wáyà ọ̀hún jìn. Láti ìdí pẹ́dàlì ló ti wọ inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n jó mọ́ inú ihò gbọọrọ tó la àárín ilẹ̀ ọkọ̀ já. Ó yọ lẹ́yìn, ó gba inú ọ̀pá rọ́bà kan, kó tó dé apá irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì gíábọ́ọ̀sì. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ yìí pọ̀ ní Èkó, èyí tó sì kẹ́yìn pátápátá jáde ní Mẹ́síkò ní oṣù Keje ọdún 2003. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti lé ní ogún ọdún. Ọ̀pọ̀ àìsàn tí wọ́n ń dì ru pléètì kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀dọ̀ wáyà yìí ló ti wá, ó sì yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀.

Bí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dàlì, wáyà á fa apá irin náà, apá irin á ti bíárìnì kílọ́ọ̀ṣì sọ́nà ẹ́ńjìnì, pléètì á sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì kí jíà lè wọlé. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò, bíárìnì yìí kò gbọ́dọ̀ fara kan nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí pẹ́dàlì fi gbọ́dọ̀ rìn lófo fún mìlímítà 10 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ọwọ́ ni kí a fi tẹ̀ ẹ́ láti mọ èyí, torí ẹsẹ̀ lágbára jù, kì í mọ ibi tí ìwúwo ti bẹ̀rẹ̀. Kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí wáyà bá le jù, bíárìnì kò ní sinmi, pléètì á máa yọ̀: ẹ́ńjìnì á máa ké lórí òkè, ọkọ̀ kò ní sáré, òórùn ìjóná á sì gba inú ọkọ̀. Bó bá dẹ̀ jù, pléètì kò ní bọ́ tán, jíà á máa han, pàápàá ti ìpadà-sẹ́yìn.

Láti tún un ṣe, kí a fi òkúta dí táyà iwájú, kí a fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, kí a gbé e lé orí ìdúró irin tó lágbára. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Tí táyà ẹ̀yìn lápá òsì bá ti kúrò, orí wáyà á hàn pẹ̀lú nọ́ọ̀tì abìyẹ́ tó wà lórí rẹ̀. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ìdọ̀tí kúrò, kí a kán epo sí i, kí a wá fi páláyà di orí wáyà mú gírígírí, nítorí bí wáyà bá lọ́ mọ́ ara rẹ̀, fọ́nrán rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Yíyí nọ́ọ̀tì sápá ọ̀tún ń dín ìrìn òfo pẹ́dàlì kù. Nọ́ọ̀tì náà ní ìkókó méjì tó ń jókòó sínú kòtò lára apá irin. Nítorí náà ìdajì-ìdajì ni à ń yí i, kó sì jókòó dáadáa kí a tó fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a tẹ pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí a tún wọ̀n ọ́n.

Ọ̀pá rọ́bà tó wà lẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń gbàgbé. Kò gbọ́dọ̀ nà tàntàn. Àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ ní mìlímítà 25 sí 45. Bó bá nà, ọkọ̀ á máa gbọ̀n jìgìjìgì nígbà tó bá ń gbéra, àwọn ènìyàn á sì ra pléètì tuntun lásán. Wọ́ṣà ni wọ́n ń fi kún ìdí ọ̀pá náà tàbí yọ kúrò títí yóò fi tẹ̀ bó ṣe yẹ, kí wọ́n tó tún pẹ́dàlì wọ̀n.

Bí wáyà bá já, wọ́n á tú pẹ́dàlì, wọ́n á fa ti àtijọ́ jáde, wọ́n á sì fi gíríìsì pa tuntun látòkèdélẹ̀ kó tó wọlé. Ojú wáyà níwájú ń kọ́ sára ìkọ́ kékeré kan. Bí pẹ́dàlì bá ṣubú sílẹ̀ nígbà tí wáyà dẹ̀, yóò bọ́ kúrò. Ó dára kí ẹnì kan di pẹ́dàlì mú, kí ẹnì kejì máa fún wáyà lẹ́yìn. Ìkọ́ tó ti jẹ, kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Bí wáyà tuntun bá ń já léraléra, tí pẹ́dàlì sì le, ó ṣeé ṣe kí páìpù inú ihò náà ti jáwọ́ níbi tí wọ́n jó o mọ́. Iṣẹ́ wẹ́dà nìyẹn, iṣẹ́ eléwu sì ni, nítorí inú ihò kan náà ni páìpù epo bẹntiróòlù gbà. Wọ́n gbọ́dọ̀ fa epo kúrò, kí wọ́n sì dáàbò bo páìpù yẹn kí iná tó dé ibẹ̀.

Bí ìrìn òfo pẹ́dàlì bá ń pọ̀ sí i, wáyà ló ń nà tàbí nǹkan kan ń jẹ níwájú. Bó bá ń dín kù ṣáá, tí à ń dẹ nọ́ọ̀tì lemọ́lemọ́, pléètì ló ń tán. Ìgbà yẹn gan-an ló tó àkókò láti tú bọ́ọ̀tù mẹ́rin tó so ẹ́ńjìnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì.