Ibi Tí Í-meèlì Wa Àtijọ́ Ń Gbé, àti Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin ará mọ́sálásí, ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni a fẹ́ sọ ní ojú-ewé yìí. Kì í ṣe lẹ́tà tí a ń lẹ sítáḿbù mọ́, bí kò ṣe èyí tí a ń pè ní í-meèlì. Lẹ́tà àtijọ́, bí bàbá bá ti kà á tán, inú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni yóò fi í sí. Ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tí ó bá wá a yóò rí i, àfi bí ikán bá ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Í-meèlì kò ní àpótí tí ọwọ́ lè kàn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi mọ ibi tí tiwọn wà gan-an.

Ray Tomlinson, ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn ní ọdún 1971. Hotmail bẹ̀rẹ̀ ní 1996, Yahoo Mail sì tẹ̀ lé e ní 1997. Ní ayé ìgbà náà, àyè tí wọ́n ń fúnni kéré púpọ̀. Mẹ́gábáìtì 2 péré ni Hotmail fúnni, Yahoo fúnni ní 4. Fọ́tò kan ṣoṣo tí a fi fóònù òde òní yà lè kún un. Nítorí náà, ẹni tí ó ń sanwó wákàtí kan ní sáíbà káfè ní Onípanu tàbí ní Bàrígà níláti pa lẹ́tà àná rẹ́ kí ti òní lè ráyè wọlé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà àwọn ẹbí wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Jẹ́dà bá lọ. Nígbà tí Gmail dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2004 pẹ̀lú gígábáìtì 1, àwọn kan rò pé àwàdà ọjọ́ náà ni. Lónìí, 15 ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n í-meèlì, fọ́tò àti àwọn fáìlì mìíràn ni wọ́n jọ ń pín in. Bí fọ́tò bá gba gbogbo rẹ̀, lẹ́tà tuntun kò ní wọlé mọ́.

Ọ̀nà méjì ni fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ń gbà mú lẹ́tà wá fún wa. Èkíní ni wọ́n ń pè ní POP, orúkọ tí wọ́n fà yọ láti ara póòsì ọ́fíìsì, ó sì jọ ọ́ lóòótọ́. A lọ sí póòsì ọ́fíìsì, a kó lẹ́tà wa, a gbé e relé, àpótí tí ó wà níbẹ̀ ṣófo. Bí kọ̀ǹpútà ilé bá bàjẹ́ tàbí tí olè gbé e, ó parí. Èkejì ni IMAP, tí Mark Crispin ṣe ní Yunifásítì Stanford ní 1986. Ní ti èyí, lẹ́tà kò kúrò ní póòsì ọ́fíìsì. Fóònù ọwọ́ wa, kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ àti ti ilé dàbí fèrèsé mẹ́ta tí a ń gbà wo yàrá kan náà. Ohun tí a kà lórí èyí, yóò hàn lórí ìyẹn pé a ti kà á. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ ju ẹyọ kan lọ, IMAP ni kí ó yàn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Bí yàrá ti jẹ́ ẹyọ kan, ohun tí a bá pa rẹ́ láti fèrèsé kan ti lọ nínú gbogbo wọn. Ọmọdé tí ó ń fi fóònù ìyá rẹ̀ ṣeré lè nu lẹ́tà tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà bàbá, bí ó bá jẹ́ pé í-meèlì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Bọ́tìnì kan sì tún wà tí ó ń tan ènìyàn jẹ, òun ni Archive. Ọ̀pọ̀ rò pé tí àwọn bá ti tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà náà ti wà ní ìpamọ́ níbi tí ewu kò lè dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Gmail, ó kàn kó lẹ́tà kúrò ní Inbox ni. Inú All Mail ni ó wà, lábẹ́ òrùlé kan náà. Bí ilé bá wó, ó bá a lọ.

Ilé náà a sì máa wó. Yahoo lè pa àpótí tí a kò ṣí fún oṣù 12 rẹ́. Google ní tirẹ̀ fúnni ní ọdún 2, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí pa irú wọn rẹ́ láti oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ẹni tí ó bá ní í-meèlì àtijọ́ tí kò lò mọ́, kí ó wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Èyí tí ó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa jù nìyí. JAMB ń béèrè í-meèlì. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí Yunifásítì Islam ti Madinah, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti kọ fọ́ọ̀mù. Ohun tí ó sì wọ́pọ̀ ní àdúgbò ni pé ẹni tí ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni yóò bá ọmọ ṣí í-meèlì, nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ni yóò sì fi sí i kí iṣẹ́ lè yá. Ọmọ sanwó, ó lọ. Nígbà tí lẹ́tà ìgbàwọlé bá dé, tí wọ́n sì ní kí ó fi kóòdù wọlé, fóònù ẹni yẹn ni kóòdù ń lọ, ó sì lè ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Àyálò ni irú í-meèlì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín wọ inú tirẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ó yí nọ́ńbà náà padà sí èyí tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, kí ó pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ó wà nílé. Nọ́ńbà tí a ń lò ni mo sọ o. Lábẹ́ ìlànà NCC, síìmù tí a kò fi ṣe ohunkóhun fún ọjọ́ 180 lè di pípa, bí 180 mìíràn bá sì kọjá, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Ọwọ́ onítọ̀hún ni kóòdù yín yóò máa bọ́ sí.

Ní ti ìpamọ́ gidi, àfi kí a ní ẹ̀dà tiwa lọ́wọ́. Àwọn tí ó ń lo Gmail lè lọ sí takeout.google.com, kí wọ́n yan Mail nìkan, Google yóò sì di gbogbo lẹ́tà wọn sínú fáìlì kan. Ó lè gba wákàtí púpọ̀ tàbí ọjọ́ mélòó kan kí ó tó ṣetán, ọjọ́ tí a sì lè fi gbé e kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, nítorí náà kí a ti ra dátà sílẹ̀. Bí lẹ́tà bá pọ̀ jù, kí a kọ́kọ́ fi orúkọ sí àwọn tí ó ṣe pàtàkì, bíi “Ilé-ìwé”, “Ilẹ̀” tàbí “Ìwòsàn”, àwọn wọ̀nyí nìkan ni a ó sì gbé. Mbox ni fáìlì náà ń jẹ́. Fóònù kì í sábà lè ṣí i, ṣùgbọ́n Thunderbird tí Mozilla ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ lè ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àfikún kékeré kan tí ń jẹ́ ImportExportTools NG. Kí ẹ̀dà kan wà lórí hádì dísìkì nílé, kí òmíràn wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí kò gbé inú ilé kan náà. Fláàṣì tí a ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ kò tó gbẹ́kẹ̀ lé.

Àwọn tí ó ṣe kókó jù, ẹ tẹ̀ wọ́n sórí bébà. Ìlú àwọn atẹ̀wé ni Ṣómólú yìí, a kò lè sọ pé a kò rí ẹni tẹ̀ ẹ́. Ẹ rántí pé fáìlì tí wọ́n so mọ́ lẹ́tà kì í bá a jáde. Ẹ ó ṣí i lọ́tọ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Gbèsè ni a ń san kí a tó pín ogún, inú í-meèlì sì ni àdéhùn gbèsè àti rísíìtì ilẹ̀ ẹlòmíràn wà báyìí. Google ní ètò kan tí ń jẹ́ Inactive Account Manager. A lè yan oṣù 3, 6, 12 tàbí 18 níbẹ̀, kí a sì dárúkọ àwọn tí wọn yóò fún ní ẹ̀dà ohun tí a ní bí a kò bá yọjú títí àkókò náà fi pé. Ènìyàn mẹ́wàá ni a lè dárúkọ mọ. Yahoo ní tirẹ̀ kì í ṣí àpótí olóògbé fún ẹbí. Bí wọ́n bá mú ìwé ẹ̀rí ikú wá, pípa ni yóò pa á rẹ́. Ẹni tí ó bá ń lo Yahoo, ẹ̀dà tí ó bá fi sílẹ̀ nílé nìkan ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò bá.