Gáàsì wo ló wà nínú fíríìjì yín?

Láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba n'Ìbàdàn, iṣẹ́ fíríìjì ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé: omi tútù, ẹlẹ́rìndòdò, yìnyín tí àwọn ẹlẹ́ja ń wá kiri. Bí ọ̀kan bá ṣíwọ́ títutù, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu ẹni tó ń tún un ṣe: "Màmá, gáàsì rẹ̀ ti jò. A máa rọ òmíràn sí i." A kì í sábà béèrè pé gáàsì wo, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn ń bẹ lára sìlíńdà tó gbé dání: R-12, R-22 tàbí R-134a.

Ìdílé kan náà ni gbogbo wọn, haloalkane ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè é. Kábọ̀n ni òpó wọn. Ọwọ́ mẹ́rin ni kábọ̀n kọ̀ọ̀kan ní, ohun tó bá sì fi ọwọ́ yẹn dì mú ló ń sọ ìwà gáàsì náà. Nọ́ńbà ara sìlíńdà ti tú àṣírí rẹ̀. Ẹ fi 90 kún un. 12 di 102: kábọ̀n 1, háídírójìn 0, fúlórínì 2. Ọwọ́ méjì ṣẹ́ kù, kílórínì ló gbà á. 22 di 112: kábọ̀n 1, háídírójìn 1, fúlórínì 2, ọwọ́ kan péré ló kù fún kílórínì. 134 di 224: kábọ̀n 2 tó di ara wọn mú, háídírójìn 2, fúlórínì 4. Ọwọ́ ti kún, kílórínì kò ráyè. (Lẹ́tà "a" tó kángun sí i kò ju àmì bí wọ́n ṣe tò wọ́n lọ.)

Àyè kílórínì yìí ni ọ̀rọ̀ dá lé. Nígbà tí Thomas Midgley, ará Amẹ́ríkà, ń polówó R-12 ní 1930, ó fà á símú níṣojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ ẹ jáde láti fi pa iná àbẹ́là. Kò jóná, kò pa á. Èèyàn ò lè dá wọn lẹ́bi pé inú wọn dùn, torí gáàsì fíríìjì ayé ìgbà yẹn ti pa èèyàn nínú ilé rí. Ṣùgbọ́n R-12 kì í tètè bàjẹ́. Ó lè lo nǹkan bí 100 ọdún nínú afẹ́fẹ́. Bó bá gòkè jìnnà, ìtànṣán oòrùn á já kílórínì kúrò lára rẹ̀, kílórínì kan ṣoṣo á sì fọ́ nǹkan bí 100,000 ósóònù, èyí tó ń bá wa dènà ìtànṣán tó ń fa jẹjẹrẹ awọ ara. Mario Molina àti Sherwood Rowland ló kìlọ̀ rẹ̀ ní 1974. Ní 1985, àwọn ará Bìrìtìkó kéde pé ósóònù ti ń dín kù gan-an lókè Antarctica nígbà ìrúwé ibẹ̀. Kì í ṣe lókè Màpó o, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wa ń lò.

Ní Montreal, ní 16 Oṣù Kẹsàn-án 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn láti dá àwọn gáàsì tó ń ba ósóònù jẹ́ dúró. Nàìjíríà dara pọ̀ ní 1988. Àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa pa R-12 tì ní 2010, 2030 sì ni ti R-22. R-134a kò fọwọ́ kan ósóònù, àmọ́ ooru ni tirẹ̀: láàárín 100 ọdún, kílò kan tó bá jò ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí kílò 1,430 carbon dioxide. Ìdí nìyẹn tí àdéhùn Kigali ti 2016 fi kàn án.

Lójú tèmi, etí òkun ni àwọn àdéhùn yìí ti lágbára, kì í ṣe ìgboro. Ìjọba ka fíríìjì tokunbọ̀ léèwọ̀, síbẹ̀ a ń rà á. Tó bá sì dogbó, ẹni tó ń wá bàbà á gé páìpù rẹ̀, gáàsì inú rẹ̀ á fò lọ.

Fíríìjì tuntun ń gbé òmíràn dé: R-600a. Kì í ṣe ara ìdílé yìí, ìṣirò 90 kò bá a mu, kò sì fẹ́ẹ̀ mú ayé gbóná. Ṣùgbọ́n ó ń jóná bíi gáàsì ìdáná. Bẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà náà lẹ́yìn fíríìjì yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbé e síta gbangba, kí ó sì tú gáàsì rẹ̀ tán pátápátá, kí ẹnikẹ́ni tó mú iná dé ìdí páìpù rẹ̀.